Ariwo Ẹ̀rọ Ata ní Ilé Ìyá Orímisan

Orí Kìíní

"Rárá, ẹ ṣeun, mo ti yó," ni Ọ̀gbẹ́ni Látúndé wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára akàn.

Agbáwo, ẹ̀rọ tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò, kì í wo ojú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ojú wíwò. Ó fi ìdérí bo akàn náà, ó fi ohùn rẹ̀ tó máa ń tutù pẹ̀sẹ̀ sọ pé, "Àlejò ti kọ̀. A bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ àlejò," ó sì yí táyà rẹ̀ padà sí ọ̀nà ilé ìdáná, tòun ti akàn, tòun ti òkèlè pupurú tó ń rú èéfín.

Ọ̀gbẹ́ni Látúndé gbé itọ́ mì. Ìsẹ́yìn ló ti ń bọ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti wà lórí ìgbì láti ìdájí. Bí ọkùnrin yẹn bá ti yó, a jẹ́ pé èmi náà ti di ọba Òkè-Ìgbì nìyẹn.

Mo gbójú sókè wo àtẹ́rígbà. Etí wà níbẹ̀, roboto, kò ju ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ kékeré lọ, iná rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé. Gbogbo ilé àlejò tó wà ní etíkun wa ló ní Etí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń gbọ́ bóyá onílé tún fi ohun tí àlejò ti kọ̀ lọ̀ ọ́. Bí onílé bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹjọ́. Bó bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, iná Etí á pọ́n, Ìgbìmọ̀ Etíkun á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì ti ilé náà pa fún odidi sáà àlejò kan. Òfin Ẹ̀ẹ̀kan là ń pè é. Wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà mi ò mọ ayé mìíràn.

Ìyá Orímisan jáde láti ilé ìdáná. Òun ló ni ilé. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, kì í sì í bọ́ fìlà awakọ̀ omi tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ kúrò lórí, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ oòrùn. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, ó wo àwo tó ń padà lọ, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àlejò mi," ó wí. "Ata mi ti fẹ́ bàjẹ́."

Ó lọ sí igun yàrá ìjẹun, níbi tí ẹ̀rọ ata rẹ̀ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé ẹ̀rọ ata sí yàrá tí àlejò ti ń jẹun? Ẹ̀rọ àtijọ́ sì ni, irú èyí tí àwọn bàbá bàbá wa fi ń lọ ata lójú pópó, àfi pé oòrùn ló ń gbé e ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ̀rọ àwọn ilé yòókù kì í dún rárá. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ṣíbí ń jó lórí tábìlì, ojú fèrèsé ń gbọ̀n, mi ò sì gbọ́ èrò ọkàn ara mi mọ́.

Nínú ariwo yẹn, Ìyá Orímisan rìn lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, ó tẹ̀ba sí etí rẹ̀. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni Látúndé mi orí pé rárá. Ìyá gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tún lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tún mi orí, àmọ́ eléyìí kò yá bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹnu Ìyá lọ lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Látúndé wolẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá pa ẹ̀rọ, ó wọ ilé ìdáná, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé akàn náà jáde. Iná Etí ṣì ní àwọ̀ ewé.

Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ bu omi mu, mo yọjú wo inú ẹ̀rọ náà. Ata kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọ̀hún náà sì ti kúnná láti ìjẹta.

Bí ìdáhùn ìbéèrè tó gbé mi wá sí Òkè-Ìgbì ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ṣíjúadé lorúkọ mi. Ẹ̀kọ́ àlejò ṣíṣe àti ìrìn-àjò afẹ́ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ìwádìí yìí nìkan ló sì kù kí n tó jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adérógba, olùkọ́ mi, ló fún mi ní ìbéèrè náà: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilé tí ìràwọ̀ rẹ̀ kéré jù ní gbogbo etíkun ni àwọn àlejò ń padà sí jù? Ìràwọ̀ kan ni Ìyá Orímisan ní. Ariwo ló gba àwọn yòókù lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ rí, ibẹ̀ náà ló tún máa padà wá sùn, yóò sì mú ìyá ìyàwó rẹ̀ dání.

Mo ti bi àwọn àlejò léèrè títí. Wọ́n á ní, "Ibẹ̀ ṣáà dáa." Mo bi Ìyá fúnra rẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ márúgbó òun ni. Ní ọjọ́ kejì, ó ní orin tóun máa ń kọ láàárọ̀ ni. Mo ti gbọ́ orin náà, mo sì fẹ́ràn Ìyá púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo dé etíkun yìí. Ilé Ìtura Adágún-Wúrà ni mo kọ́kọ́ sùn, ilé oníràwọ̀ márùn-ún, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń bi ọ́ bóyá ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Agbáwo ibẹ̀ wá bá mi, ó ní ṣé n ó jẹun. Ìyá mi kọ́ mi re. Mo ní, "Rárá, ẹ ṣeun, mo ti yó." Ó bo ìdérí, ó lọ. Mo jókòó, mò ń retí kó padà wá. Kò padà wá. Ẹ̀pà inú báàgì mi ni mo jẹ sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́ tí ẹ̀rọ béèrè bí ilé náà ti rí, mo ní ó dára gan-an. Wọ́n fún ara wọn ní ìràwọ̀ lé e lórí. Ìròyìn ọdọọdún tí Ìgbìmọ̀ ń gbé jáde tilẹ̀ sọ ọ́ kedere pé àwọn àlejò tó ń ti ilẹ̀ Yorùbá wá kì í bìkítà fún oúnjẹ. Ilẹ̀ Yorùbá wo? Àwa náà ni wọ́n ń sọ.

Ta ní ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa tó jẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan? Ẹ̀ẹ̀kìíní, ìkíni ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ ń wo ojú ara yín. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin sì ti gé ọ̀rọ̀ wa kù sí ìkíni, ebi sì ń pa gbogbo wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sómi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an láti wá gbọ́ àbájáde mi. Gbogbo ohun tí mo bá sì fi síwájú rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ẹlẹ́rìí ọrùn mi, tó ń gba ohùn sílẹ̀, máa gbé lọ sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Etíkun, nítorí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ojú tí wọ́n fi ń wo etíkun. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nìyẹn. Bí mo bá kọ ọ́ pé Ìyá ń béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ti ilé rẹ̀. Bí mi ò bá kọ ọ́, mi ò ní ìdáhùn, n ó sì padà sí kíláàsì lọ jókòó ti àwọn àbúrò mi fún ọdún kan sí i.

Mo ní kò burú, ilé Ìyá ni, Ìyá ni n ó bi.

Mo bá a lórí pákó iwájú ilé, níbi tó ti ń sá ẹja. Nísàlẹ̀ wa, omi ń na òpó ilé. Ìlàjẹ ni Ìyá ń sọ sí mi, ó sì dùn létí. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo wa á fi gbọ́ ni.

"Ìyá, mo ti mọ ohun tí ẹ̀rọ ata yẹn wà fún."

Ó yí ẹja kan padà. "Ata ló wà fún."

"Ata kan ṣoṣo?"

"Ata Òkè-Ìgbì le."

Mo wò ó, ó wò mí, ẹ̀rín sì pa á títí fìlà fi fẹ́ já bọ́. "O ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀," ó wí. "Ọmọ yìí, ojú ẹ mú. Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ìyá, ìdáhùn tí mò ń wá nìyẹn. Àmọ́ bí mo bá kọ ọ́, orúkọ ilé yín máa wà níbẹ̀, Ìgbìmọ̀ á sì rí i. Tí ẹ bá ní kí n má kọ ọ́, mi ò ní kọ ọ́."

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi ti gbọ́ tó. Ó tan iná funfun, ó sì béèrè fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ìwádìí ti wí: "Ìyá Orímisan, ṣé ẹ gbà kí a lo ọ̀rọ̀ yín àti orúkọ ilé yín?"

"Kí ló le níbẹ̀?" ni Ìyá wí. "Kọ ọ́, ọmọ mi. Ṣebí ìwé ẹ ni? Máa kọ ọ́ lọ."

Ìlẹ̀kẹ̀ náà yí padà sí àwọ̀ ewé. "Àṣẹ ti wà," ó wí.

Mo dì mọ́ Ìyá, mo sáré gòkè lọ sí yàrá mi, mo jókòó sídìí fèrèsé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iṣẹ́ mi sínú ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ àwọn tó ń gboyè, mo ti ń rí ìyá mi tó ń pariwo orúkọ mi láàárín èrò tójú fi ń tì mí. Ẹ̀rọ ata sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké nísàlẹ̀.

Mi ò kọ́kọ́ kà á sí. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé kò sí àlejò kankan nílé. Ọ̀gbẹ́ni Látúndé ti lọ wẹ̀ lódò. Ta ni Ìyá wá fẹ́ bẹ̀?

Mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó gbé fìlà sórí itan, ó ń wo ara ògiri. Kò fi ohunkóhun sínú ẹ̀rọ, àní ata àtijọ́ yẹn pàápàá ti kúrò níbẹ̀. Mi ò rí orí rẹ̀ láìsí fìlà rí. Ó ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ.

Kí ni mo ṣe gan-an? Èmi tí mo fẹ́ kọ ìwé nípa rárá tí kì í ṣe rárá, mo béèrè lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì gba bẹ́ẹ̀ ni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé e sá lọ. Ojú tì mí, kì í ṣe díẹ̀.

Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, mo fi gèlè mi wé e mọ́lẹ̀, mo tì í sínú àpò ìyẹ̀fun pupurú, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ìyá. Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó máa ké.

"Ìyá," mo wí sí i létí, "ṣé kí n kọ ọ́?"

"Ṣebí mo ti ní kó o máa kọ ọ́."

"Ìyá, ẹ dákun. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́?"

Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́.

"Mi ò fẹ́," ó wí. "Ẹ̀rù ń bà mí, Ṣíjúadé."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí òkun gbé ilé wọn àtijọ́ lọ, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn ló lọ, nínú àwọn ilé gogoro tí ilé fúnra rẹ̀ ń tọ́jú èèyàn. Ilé náà bi í bóyá ó fẹ́ jẹun, ó ní rárá, ó parí. Ó bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan wá bá a ṣeré, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ó parí. "Mo rù," ó wí. "Ọmọ mi á dé láti ibi iṣẹ́, á bi ilé pé báwo ni Màámi, ilé á ní wọn ò fẹ́ nǹkan kan." Ló bá padà sétí òkun, ó kọ́ ilé yìí sórí omi, ó wá ẹ̀rọ ata tó ń pariwo. "Bí wọ́n bá ti ibí pa, ibẹ̀ yẹn náà ni n ó padà sí."

"Kí ló wá dé tí ẹ kọ́kọ́ gbà?"

Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́n rárá. "Ọmọ ẹni ń tọrọ nǹkan, inú ẹ̀ ń dùn, o wá fẹ́ kí n la rárá mọ́ ọn lójú?"

Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ mi. Mo lọ yọ ìlẹ̀kẹ̀ nínú àpò, mo gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ nù, mo sì pa gbogbo ohun tí mo ti sọ sínú rẹ̀ rẹ́. Ó dùn mí dé egungun. Mo tún un wé, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì lọ dúró de Ọ̀jọ̀gbọ́n ní èbúté.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adérógba sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ọmọ orí ilẹ̀ ni. Omi kò bá a lára mu. Òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn tó jókòó ṣe Òfin Ẹ̀ẹ̀kan, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ òfin ṣeré. Mo kí i, mo gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, a wọlé. Ìyá fi ìkúnlẹ̀ àgbà kí i káàbọ̀, ó pè é ní ọkọ òun, ó sì wọ ilé ìdáná. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì jókòó dáadáa tí Agbáwo fi yí dé pẹ̀lú pupurú, márúgbó àti akàn méjì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Adérógba, ṣé ẹ ó jẹun?"

"Rárá, ẹ ṣeun. Mo ti jẹun nínú ọkọ̀."

Wọn kì í ta oúnjẹ nínú ọkọ̀ yẹn. Agbáwo bo ìdérí, ó bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ àlejò, ó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ojú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ikùn rẹ̀ sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa gbọ́.

"Ó yá," ó wí kíákíá. "Kí lo rí?"

"Mo ti rí ìdáhùn, sà. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́. Onílé ò gbà."

Ó wo ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀. "Mo rí i níbí pé àṣẹ ti wà láti àárọ̀."

"Lẹ́ẹ̀kan ni ìlẹ̀kẹ̀ béèrè, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kan tó, Ṣíjúadé. O kò bá ìgbà yẹn." Ohùn rẹ̀ kò le, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Àlejò kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní èbúté tí wọ́n á fi máa fà á lápá. Ó ní òun ò ra ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní òun ò wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n á gbé ẹrù rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin á ní rárá, rárá, kò sẹ́ni tó gbọ́. A gbọ́dọ̀ mú kí rárá jẹ́ rárá."

Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní jiyàn sí i. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ṣe é, sà," mo wí. "Ṣùgbọ́n rárá ẹni tó ń sá lọ àti rárá ẹni tó ń wo akàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n."

Kó tó fèsì, Ìyá jáde láti ilé ìdáná. Mo rí i tó kọrí sí igun yàrá. Mo ṣẹ́jú sí i, mo mi orí, mo fi bàtà Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣì wà lọ́wọ́ mi júwe fún un pé kó dákun padà. Ó mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Èmi ni mo sọ fún un. Tó bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ebi rẹ̀, ilé rẹ̀ á wà, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n Ìyá ti gbọ́ ikùn yẹn. Àwọn èèyàn kan wà tí wọn kò lè gbọ́ irú rẹ̀ kí wọ́n jókòó.

"Ẹ má bínú o," ó wí. "Ata mi ti fẹ́ bàjẹ́."

Ẹ̀rọ náà ké. Ọ̀jọ̀gbọ́n ta kìjí. Ìyá tẹ̀ba sí etí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí pé rárá. Ìyá gbọ́wọ́ lé e léjìká, ẹnu rẹ̀ tún lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé kó má ṣèyọnu. Nígbà tí ẹnu Ìyá lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin yẹn, tó ṣe òfin etíkun, wo ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

Ìyá gbé oúnjẹ náà jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì jẹ àwo kan. Ó jẹ ìkejì. Ó fọ́ èékánná akàn, ó fa omi rẹ̀ mu, márúgbó sì ń dàn ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú rẹ̀ tún padà di ojú èèyàn alààyè. Ìyá dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì rántí pa ẹ̀rọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dẹ́kun jíjẹ. Ó wo ẹ̀rọ ata. Ó wo Etí lókè àtẹ́rígbà. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó sì sún mọ́ mi kí n lè gbọ́.

"Ata mélòó ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà."

"Ìdáhùn ẹ nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi Ìyá bóyá kí n kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Nítorí náà, mo ti pa á rẹ́."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí epo ti bò. Mo rò pé yóò bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ pe Ìyá kó sún mọ́ wa, ó sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá yóò jẹ́ kí ọmọ yìí kọ ohun tó rí.

"Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Ìyá wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò yára dúpẹ́. Ó dúró. Ó tún béèrè. Ìyá ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó tún dúró, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá bá bọ́ fìlà.

"Kó kọ ọ́," ó wí. "Àmọ́ kó kọ tiyín mọ́ tèmi. Kó kọ ọ́ pé ẹni tó ṣe òfin ní òun ti jẹun, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́, pé àwo méjì ló jẹ. Kẹ́ ẹ fi orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ilé mi, kí wọ́n kọ́kọ́ wá gba akàn mi nínú yín."

"Mo gbà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Mi ò mira. Ó wò mí. "Kí lo ń dúró dè?"

"Ẹ̀ẹ̀kejì, sà. Ṣé ẹ gbà lóòótọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Orúkọ mi wà lábẹ́ òfin yẹn," ó wí. "Mo fi yangàn. Bí mo bá tún wá fi sábẹ́ eléyìí, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín Ìgbìmọ̀. Bóyá kó o fún mi láyè kí n rò ó."

"Ó dáa, sà," mo wí. Mo gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Sà, ṣé kí n kọ ọ́?"

Ó wo àwo tó ti mọ́ níwájú rẹ̀. "Kọ ọ́," ó wí. Eléyìí jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn.

Mo tú gèlè, mo so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn. Ìyá nawọ́ láti fi ata gidi sínú ẹ̀rọ kó má baà máa ké lásán, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó pa á. Ìyá wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa á, yàrá náà sì dákẹ́ débi pé a gbọ́ omi lábẹ́ ilé. Ọ̀gbẹ́ni Látúndé ti wẹ̀ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Ìyá wí, "akàn kan ṣẹ́kù. Ẹ ó jẹ ẹ́?"

"Rárá, ẹ ṣeun, mo ti yó," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Etí ń gbọ́. Iná rẹ̀ dúró ní àwọ̀ ewé, ó ń retí. Ìyá dé fìlà ọkọ rẹ̀ padà, ó fi ọwọ́ tún un ṣe.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jẹ akàn yìí."

Iná Etí pọ́n bí epo. Lókè odò lọ́hùn-ún, níbi tí Ìgbìmọ̀ wà, mo mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè, ó wo iná pupa náà dáadáa, ó wo Ìyá.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ó wí. "Mo ti yó ná."

"Akàn kan," ni Ìyá wí, gbogbo ohùn rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́, tó fi jẹ́ pé wọ́n á gbọ́ ọ dé Adágún-Wúrà. "Ẹ dákun, ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó na àwo rẹ̀ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.